Merge sort mi gba 60 nínú 100, àbí ẹ̀rọ tó ń máàkì ló ní ìṣòro?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ọmọ Computer Science ni mí, mo wà ní three hundred level. Wọ́n fún wa ní iṣẹ́ àṣetiléwá ní kọ́ọ̀sì algorithms: ká ka iye inversion tó wà nínú ìlà nọ́ńbà kan. Ìlà náà lè gùn tó 200,000, ìṣẹ́jú àáyá kan péré sì ni program ní láti fi parí. Java ni mo fi kọ ọ́. Mo kọ́kọ́ fi loop méjì ṣe é, ẹ̀rọ fún mi ní 40. Ìdánwò 1 sí 4 ló gbà nínú mẹ́wàá. Mo wá fi merge sort tún un kọ, ó di 60. Ní báyìí ìdánwò 4 ń sọ pé Wrong Answer, 8 sí 10 ń sọ pé Time Limit Exceeded. Àpẹẹrẹ méjèèjì tí olùkọ́ fún wa ń jáde dáadáa lórí laptop mi, wọn ò sì jẹ́ ká rí ohun tó wà nínú àwọn ìdánwò náà. Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni gbèdéke. Ọ̀rẹ́ mi kan tó gba 100 ní òun á fún mi ní tòun, kí n kàn yí orúkọ àwọn variable padà. Mo ti fi kóòdù mi ránṣẹ́ sí yín. Ẹ jọ̀ọ́, àbí ẹ̀rọ yẹn gan-an ló ní ìṣòro?

Ìdáhùn:

Àbúrò mi, ẹ̀rọ náà kò ní ìṣòro kankan. Mo ka kóòdù rẹ láti òkè dé ìsàlẹ̀, àṣìṣe mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Méjì ti ń hàn nínú máàkì rẹ. Ẹ̀kẹta fara pamọ́ sẹ́yìn wọn, kò sì ní yọjú títí o fi máa tún èyí tó bò ó mọ́lẹ̀ ṣe. Mi ò ní bá ọ kọ kóòdù náà, iṣẹ́ tí wọ́n máa máàkì ni. Àmọ́ màá fi ibi tí wọ́n wà hàn ọ́, àti bí ìwọ fúnra rẹ ì bá ṣe rí wọn láìfi lọ ẹnikẹ́ni.

Fún àwọn tí kò sí ní kíláàsì yín: inversion ni kí nọ́ńbà tó tóbi wà ṣáájú èyí tó kéré sí i. Nínú 3 1 2, méjì ló wà, torí 3 ṣáájú 1, ó sì tún ṣáájú 2. Bí ìlà bá tò láti kékeré dé ńlá, òdo ni iye rẹ̀. Bí ó bá tò láti ńlá wá sí kékeré, tí kò sì sí méjì tó dọ́gba, gbogbo méjì-méjì tí a lè mú nínú rẹ̀ ni yóò jẹ́ inversion, ìyẹn n(n−1)/2, tí n jẹ́ iye nọ́ńbà tó wà nínú ìlà. Ẹ fi fọ́múlà yẹn sọ́kàn, a ṣì máa padà lò ó.

Loop méjì ń fi nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan wé gbogbo èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Fún 200,000, ìyẹn jẹ́ ìfiwéra 19,999,900,000. Kò sí bí Java ṣe lè yá tó tó máa ṣe ogún bílíọ̀nù ìfiwéra láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, pàápàá lórí ẹ̀rọ tí gbogbo kíláàsì jọ ń dù. Merge sort, tí John von Neumann ti gbé kalẹ̀ láti ọdún 1945, ń pín ìlà sí méjì, ó ń tún ìdajì kọ̀ọ̀kan pín, títí yóò fi ku ẹyọ kan, lẹ́yìn náà ló wá ń pa wọ́n pọ̀ padà ní títò. Ìpele tó máa ń là kọjá fún 200,000 kò ju bíi 18 lọ, ó sì ń fọwọ́ kan gbogbo nọ́ńbà lẹ́ẹ̀kan ní ìpele kọ̀ọ̀kan: nǹkan bíi mílíọ̀nù 3.6 ìgbésẹ̀. Nígbà tó bá ń pa apá méjì pọ̀, tí nọ́ńbà kan láti apá ọ̀tún bá ṣáájú jáde, gbogbo èyí tó kù lápá òsì ló tóbi jù ú lọ, o lè ka gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ọgbọ́n yẹn ni olùkọ́ yín fẹ́ rí, o sì ti ní in lọ́wọ́. Ohun tó kù kì í ṣe ọ̀rọ̀ òye algorithm mọ́.

Ká ti ìdánwò 4 bẹ̀rẹ̀, torí òun ló tú àṣírí jù. Loop méjì rẹ gbà á, merge sort rẹ kò gbà á. Èyí ti sọ nǹkan méjì fún wa láìjẹ́ pé a rí ohun tó wà nínú rẹ̀. Àkọ́kọ́, ìdánwò kékeré ni, torí loop méjì rí i parí kí àkókò tó tán. Èkejì, irú ìlà kan wà tí loop rẹ mọ̀ ọ́n kà tí merge sort rẹ ń ṣì kà. Lọ wo ibi tí o ti ń pa apá méjì pọ̀. O kọ `aux[i] < aux[j]` (i ń tọ́ka sí apá òsì, j sí apá ọ̀tún), pé bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ kí ti òsì jáde, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kí ti ọ̀tún jáde kí a sì kà. Tí méjèèjì bá dọ́gba ńkọ́? Ti ọ̀tún á jáde, o sì máa ka èyí tó bá a dọ́gba mọ́ inversion. Fi 2 2 sínú program rẹ. Ìdáhùn tó tọ́ ni 0. Tìrẹ á sọ pé 1. `<=` ló yẹ kó wà níbẹ̀. Gbogbo máàkì mẹ́wàá ìdánwò 4 kò ju àmì kan ṣoṣo yẹn lọ.

Mo rí i nínú àwọn ìlà tí o fi kọ́mẹ́ǹtì pa pé o gbìyànjú láti dán an wò lórí laptop: o mú nọ́ńbà mẹ́wàá láìròtẹ́lẹ̀ láàárín 1 sí bílíọ̀nù kan, o tẹ èsì jáde, o fojú wò ó. Nǹkan méjì ló ba ìgbìyànjú yẹn jẹ́. Nínú nọ́ńbà mẹ́wàá tí a mú láàárín bílíọ̀nù kan, méjì kì í sábà dọ́gba, nítorí náà irú ìlà tó ń dà ọ́ láàmú kò ní yọjú láéláé. Èkejì sì ni pé ojú lo fi ń wò ó. Ta ló lè fojú ka inversion nínú nọ́ńbà onídígíìtì mẹ́sàn-án mẹ́wàá?

Ibi tí mo ń lọ gan-an nìyí. Nígbà tí merge sort rẹ ṣiṣẹ́, kí lo ṣe sí loop méjì àtijọ́? O ti pa á rẹ́. Gbogbo ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ lẹ máa ń pa á rẹ́, bíi pé ó ń ti yín lójú. Lọ wá a padà. Program tó lọ́ra tó sì rọrùn yẹn ni ẹlẹ́rìí rẹ. Kò yá, àmọ́ kò ṣòro kà, ìlà márùn-ún péré ni, ó sì ti gba ìdánwò mẹ́rin láìṣì. Fi sínú fáìlì kan náà pẹ̀lú merge sort rẹ, kí o wá kọ loop kan tí yóò máa ṣe ìlà nọ́ńbà tuntun, tí yóò gbé e fún àwọn méjèèjì, tí yóò sì dúró lójú ẹsẹ̀ tí ìdáhùn wọn bá ti yàtọ̀, kí ó tẹ ìlà náà jáde.

Bí o ṣe máa yan nọ́ńbà yẹn ló le. Jẹ́ kí ìlà kúrú, ẹyọ kan sí mẹ́jọ. Jẹ́ kí àwọn nọ́ńbà fúnra wọn kéré, 0 sí 4, kí wọ́n lè máa dọ́gba léraléra. Ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá ẹgbẹ̀rún. Laptop rẹ á parí rẹ̀ kí o tó mu omi tán. Ìdí tí mo fi ní kó kúrú ni pé tí àṣìṣe bá yọ nínú ìlà nọ́ńbà mẹ́ta, wàá fi bírò àti ìwé tọ ipa rẹ̀ dé ìdí. Tó bá yọ nínú ìlà ẹgbẹ̀rún, kò sí ohun tí o máa rí kà níbẹ̀. Fún `Random`, tí Java fi ń mú nọ́ńbà láìròtẹ́lẹ̀, ní nọ́ńbà ìbẹ̀rẹ̀ kan tí kò ní yí padà, kí ìlà tó já ọ kulẹ̀ lónìí lè padà wá lọ́la. Kí o sì ṣọ́ra fún ohun kan tó ti da ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ rú: merge sort ń to ìlà náà ni. Tí o bá gbé e fún merge sort kí o tó gbé ìlà kan náà fún loop méjì, loop á bá ìlà tó ti tò, á sọ pé òdo, wàá sì rò pé ẹlẹ́rìí rẹ ló ya wèrè. Lo `clone`, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀dà tirẹ̀.

Ká ní o ti ṣe èyí kí o tó fi iṣẹ́ ránṣẹ́, ìlà bíi 2 2 ì bá ti já jáde kí ìṣẹ́jú àáyá kan tó pé. Mo fẹ́ràn ọ̀nà yìí ju kí ènìyàn máa fi kóòdù ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kó máa yí àmì kan níbí, kó yí òmíràn lọ́hùn-ún, kó máa wò bóyá máàkì á gòkè. Àwọn olùkọ́ míì tiẹ̀ ń ka iye ìgbà tí ẹ fi ránṣẹ́.

Ó ku ti àkókò. O ti lo merge sort, ẹ̀rọ ṣì ń sọ pé kò yá tó. Wo ìlà àkọ́kọ́ nínú `merge` rẹ: `int[] aux = new int[a.length]`. Java kì í fúnni ní array, ìyẹn ìlà àyè tí a ń kó nọ́ńbà sí, lásán, ó máa ń fi òdo kún un látòkè délẹ̀. Fún ìlà 200,000, `merge` yóò ṣiṣẹ́ ní ìgbà 199,999, nígbà kọ̀ọ̀kan o sì ń béèrè array tó gba gbogbo 200,000, ìbáà jẹ́ nọ́ńbà méjì péré lo fẹ́ pa pọ̀. Ṣírò rẹ̀: àyè ogójì bílíọ̀nù ni Java ń fi òdo kún. Báìtì mẹ́rin ni int kọ̀ọ̀kan, nítorí náà nǹkan bíi 160 gigabyte ló ń gba inú mẹ́mọ́rì kọjá nítorí iṣẹ́ tí kò yẹ kó ju mílíọ̀nù 3.6 ìgbésẹ̀ lọ. N², ìyẹn iṣẹ́ tó ń di ìlọ́po mẹ́rin bí ìlà bá di ìlọ́po méjì bíi ti loop méjì, tí o sá fún ní ẹnu ọ̀nà ló gba fèrèsé wọlé. Ìdí kan ṣoṣo tí o fi gba ìdánwò 5 sí 7 tí loop méjì kò gbà ni pé fífi òdo kún àyè yá ju kí a máa fi nọ́ńbà wéra lọ. Ṣe `aux` lẹ́ẹ̀kan péré níbẹ̀rẹ̀, kí o tó pe `sort`, kí o sì máa gbé e kiri.

Ẹlẹ́rìí wa kò lè bá ọ rí irú àṣìṣe yìí, torí ìdáhùn tọ́. Ohun tó máa rí i ni kí o wọn àkókò bí ìlà ṣe ń di ìlọ́po méjì. Fi `System.nanoTime` wo bó ṣe pẹ́ tó fún 25,000, fún 50,000, fún 100,000, fún 200,000. Merge sort tó péye, àkókò rẹ̀ máa ń fi díẹ̀ ju ìlọ́po méjì lọ ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Tí o bá rí i pé ó ń di ìlọ́po mẹ́rin, n² ni o ń sáré, ohun yòówù tí orúkọ method rẹ ìbáà jẹ́. Má gbẹ́kẹ̀ lé nọ́ńbà ti 25,000 púpọ̀, torí Java máa ń lọ́ra nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan ti máa sọ fún ọ pé `Scanner`, tí o fi ń ka nọ́ńbà wọlé, ló ń fa ìdádúró. Òótọ́ ni pé `Scanner` lọ́ra, torí ó ń fi àwọn àpẹrẹ regex yẹ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan wò kó tó sọ ọ́ di nọ́ńbà. Ìwọ náà paarọ̀ rẹ̀ sí `BufferedReader` pẹ̀lú `StreamTokenizer`, ìṣẹ́jú àáyá kan kò pọ̀. Ṣùgbọ́n a kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá: tún `aux` ṣe ná.

Wàyí o, bí o bá ti tún un ṣe, àfàìmọ̀ ni kí ìdánwò 8 sí 10 má yí láti Time Limit Exceeded sí Wrong Answer. Má jẹ́ kó dùn ọ́, ìlọsíwájú ni. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé `count` rẹ jẹ́ int, int Java kò sì lè gbà ju 2,147,483,647 lọ. Ìlà tó tò láti ńlá wá sí kékeré tó ní nọ́ńbà 65,536 ṣì gba inú rẹ̀. Fi ẹyọ kan kún un, ó ti kún àkúnya. Java kò ní pariwo, kò ní dúró, yóò kàn yí padà sí òdìkejì. Fún 200,000, ìdáhùn tó tọ́ ni 19,999,900,000. Int á sọ fún ọ pé −1,474,936,480. Tìrẹ náà á sọ bẹ́ẹ̀, dán an wò.

Àní kò ní láti jẹ́ ìlà tó dojú dé. Ìlà tí a kàn dàrú lásán máa ń ní nǹkan bí ìdajì gbogbo inversion tó ṣeé ṣe, nítorí náà láti bíi 93,000 lọ sókè ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Kíyè sí i pé ẹlẹ́rìí wa kò lè rí èyí náà. Ìlà ẹyọ mẹ́jọ kò lè ní ju inversion 28 lọ. Bí o bá sì tiẹ̀ gbé ìlà gígùn fún un, tí `count` tirẹ̀ náà bá jẹ́ int, àwọn méjèèjì á jọ pa irọ́ kan náà, loop tó ń fi wọ́n wéra á sì gbà pé òótọ́ ni. Ibí ni fọ́múlà n(n−1)/2 ti wúlò: ìlà tó dojú dé jẹ́ ìlà ńlá tí ìdáhùn rẹ̀ ju int lọ, síbẹ̀ tí o mọ̀ ọ́n láìsí program kankan. Ṣe ti 200,000, fi ìdáhùn wé ohun tí o fi ọwọ́ ṣírò. Nígbà tí o bá ń yí i sí `long`, irú nọ́ńbà tó gbà ju int lọ, má yí ti variable kan ṣoṣo. Method rẹ ń dá int padà. Tí ìyẹn bá kù síbẹ̀, `long` tó wà nínú rẹ̀ kò ní ràn ọ́ lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni tí o bá fi int méjì lura wọn kí o tó gbé e sínú `long`: ó ti bàjẹ́ kó tó débẹ̀.

Má rò pé akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ni èyí ń mú. Ní ọdún 2006, Joshua Bloch kọ̀wé jáde pé binary search (ọ̀nà tí a fi ń wá nǹkan nínú ìlà tó ti tò nípa pípín in sí méjì léraléra) tó wà nínú Java fúnra rẹ̀, tí òun gan-an kọ, ti ń gbé irú àṣìṣe yìí kiri láti bí ọdún mẹ́sàn-án: ó ń ro òpin méjèèjì pọ̀ kó tó pín in sí méjì, àròpọ̀ náà sì lè ju int lọ tí array bá tóbi ju bó ṣe yẹ lọ.

Ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ wá kù. Má gbà á. Mi ò fẹ́ wàásù fún ọ, ìwọ náà wo bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mú un ṣe ń ṣiṣẹ́. MOSS, tí Alex Aiken bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1994 tí àwọn olùkọ́ ń lò lọ́fẹ̀ẹ́, kò bìkítà fún orúkọ variable. Kó tó fi iṣẹ́ méjì wéra, ó ti mú àlàfo kúrò, ó ti sọ gbogbo orúkọ di bákan náà. Ó wá gé ohun tó kù sí wẹ́wẹ́, ó sọ ẹyọ kọ̀ọ̀kan di nọ́ńbà, ó yan díẹ̀ nínú wọn bí ìtẹ̀ka, ìtẹ̀ka yẹn ló sì ń wá nínú iṣẹ́ gbogbo kíláàsì. Orúkọ tí o fẹ́ yí padà yẹn ni ohun àkọ́kọ́ tó ń sọ nù. Ọ̀rẹ́ rẹ tó fẹ́ ṣàánú rẹ ni wọ́n máa pè pẹ̀lú rẹ, kò sì sí bí wọ́n ṣe máa mọ ẹni tó wo ti ẹnì kejì. Ẹ lè jọ sọ̀rọ̀ lórí pátákó, ẹ lè yà á sórí ìwé, kó bi ọ́ pé "tí wọ́n bá dọ́gba ńkọ́?" Kóòdù rẹ̀ nìkan ni kó má dé ọ̀dọ̀ rẹ.

Kí o tó tẹ bọ́tìnì, àwọn nǹkan kéékèèké kan wà tó ń jẹ máàkì láìjẹ́ pé algorithm lẹ́bi. NetBeans tàbí IntelliJ lè fi ìlà `package` sí orí fáìlì rẹ. Yọ ọ́ kúrò àfi tí ìwé iṣẹ́ bá ní kó wà. Orúkọ class gbọ́dọ̀ bá ti fáìlì mu títí dé lẹ́tà ńlá àti kékeré: Windows kò ka `main.java` àti `Main.java` sí ohun méjì, Linux tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìmáàkì ń lò kà wọ́n sí méjì. Yọ gbogbo `println` tí o fi ń wo inú program. Tí wọ́n bá ní nọ́ńbà nìkan, nọ́ńbà nìkan ni, má fi "Ìdáhùn ni" síwájú rẹ̀. Àwọn ìlà àìwọ́pọ̀ náà ńkọ́: nọ́ńbà kan ṣoṣo, gbogbo wọn dọ́gba, èyí tó ní òdì nínú? Nígbà tí o bá ti fi ránṣẹ́ tán, gbà á sílẹ̀ padà láti ibẹ̀ sínú fódà tó ṣófo, kí o compile rẹ̀ nínú tẹ́mínà, kì í ṣe nínú IntelliJ. Ọ̀pọ̀ ló ti fi fáìlì ọ̀sẹ̀ tó kọjá ránṣẹ́ tí wọn ò mọ̀.

Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì tí o sọ yẹn, fi sọ́kàn pé gbogbo kíláàsì ló máa wà lórí ẹ̀rọ náà lẹ́ẹ̀kan náà, àti pé iná àti nẹ́tíwọ̀kì kò bá ẹnikẹ́ni dá gbèdéke. Fi èyí tó bá wà lọ́wọ́ rẹ ránṣẹ́ ní Ọjọ́bọ̀, kódà bó jẹ́ 80 ló gbà. Bí wọ́n bá gbà yín láàyè láti fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, o lè tún un ṣe lọ́jọ́ kejì. Tí ìdánwò kan bá ṣì ń kọ̀ lẹ́yìn gbogbo èyí, kọ̀wé sí olùkọ́ rẹ tàbí ẹni tó ń ràn án lọ́wọ́. Má kọ "sà, kóòdù mi kò ṣiṣẹ́". Sọ nọ́ńbà ìdánwò tó kọ̀ àti ohun tí ẹ̀rọ sọ, sọ pé o ti fi loop méjì yẹ̀ ẹ́ wò lórí ìlà kéékèèké ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá tí wọn kò sì yàtọ̀, sọ ìdáhùn tí o rí fún ìlà 200,000 tó dojú dé, kí o sì fi àkókò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí o wọ̀n sí i.